Páìpù Tí A Fi Ń Bo Ìdí Òpó Ọgbà: Ó Dára, Àmọ́ Kì í Ṣe Gbogbo Òpó Ló Yẹ Ká Fi Wọ̀

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni páìpù PVC oní-ínṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò fún omi ìdọ̀tí, tí a gé sí kéékèèké láti fi bo ìdí òpó onígi kí ẹ̀rọ ìgékoríko má baà bà á jẹ́. Ọgbà tí mo ti lò ó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàsẹ́-Ìpo, níbi tí koríko kì í ti í sinmi láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí tí ọyẹ́ yóò fi dé. Òpó tíìkì ló yí i ká, wáyà ni a sì nà mọ́ wọn.

Àwọn kan gbà pé ọgbẹ́ tí ẹ̀rọ ń dá sí òpó kò tó nǹkan. N kò bá wọn gbà á. Ẹ̀rọ tí àwọn agékoríko ń gbé kọ́ èjìká máa ń lo okùn ọ̀rá tàbí irin eléyín mẹ́ta, ó sì lè yí ju 6,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nígbàkigbà tí wọ́n bá padà wá gé koríko, ojú kan náà ni okùn yìí ń gbá lára òpó, títí yóò fi gbẹ́ igi náà yí po tí ìdí rẹ̀ yóò sì tín-ín-rín. Igi tó wà láàyè, bíi pèrègún, akòko àti lápálápá tí àwọn àgbà wa ń gbìn ṣe ọgbà, lè fi èèpo tuntun bo ojú ọgbẹ́. Òpó tí a ti gé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi á wọ ibẹ̀, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ikán á sì tẹ̀ lé e. Ojú ilẹ̀ gan-an ni òpó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ibẹ̀ náà sì ni okùn ẹ̀rọ ń bá a.

Fífi páìpù wọ òpó kò le. Ìgékù tó gùn tó mítà kan yóò fún wa ní mẹ́ta tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. A ó fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó fà á ya díẹ̀, a ó fi gbá òpó mọ́ra, a ó sì fi wáyà dì í. Òpó tó bá sanra ju inú páìpù lọ kò ní gbà á. Okùn ọ̀rá kàn ń ha páìpù náà lára ni, kì í là á já. Ṣùgbọ́n irin eléyín mẹ́ta lè fọ́ ọ bó bá gbá a dáadáa, oòrùn náà yóò sì sọ ọ́ di gbígbẹ tó bá pẹ́.

Àléébù tó burú jù lọ ni pé páìpù lè di ilé fún ikán. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀, omi yóò dúró sínú rẹ̀, ikán yóò sì máa mọ ọ̀nà amọ̀ wọn gòkè nínú òkùnkùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí wọn. Nítorí náà, mo gbé ti èmi kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, mo da òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí òpó ká kí koríko má baà hù níbẹ̀, mo sì máa ń tú wọn wò nígbà ọyẹ́. Ẹni tí kò bá ní àyè láti máa tú u wò, kí ó má fi í wọ òpó rárá. Kí ó kúkú bá agékoríko sọ ọ́ pé kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ yí òpó ká, kí wọ́n sì fi ọkọ́ ro ibẹ̀.

Páànù tí àwọn kan fi ń bo ìdí òpó dípò páìpù kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí etí rẹ̀ mú, ó sì ń jẹ okùn ẹ̀rọ. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí àwọn kan ń kùn kò lè dá okùn dúró, ilẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Ní ti pípààrọ̀ òpó, ọ̀bẹ ni kí a fi dán an wò ṣáájú ohunkóhun. Ẹ gún ìdí òpó ní ojú ilẹ̀: bí ọ̀bẹ bá kọ̀ tí kò wọlé, ọgbẹ́ náà kò tíì dé ọkàn igi, páìpù yóò sì ṣe é láǹfààní. Bó bá wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ, owó páìpù yẹn ti ṣòfò. Ẹni tó ta àwọn òpó àkọ́kọ́ fún mi kó tíìkì kékeré wá, tí apá funfun tó wà lẹ́yìn igi ju ọkàn rẹ̀ lọ, apá funfun yìí sì ni ikán kọ́kọ́ jẹ. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé kí ẹ tó sanwó. Ọkàn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni kó gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Igi mìíràn tí à ń pè ní apá lágbára sí ikán dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ wọ́n.

Òpó igun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gún, nítorí òun ló ń gbé ìfà wáyà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá ti rọ̀ ní ojú ilẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ìjì òjò tó dé, kódà bí ẹ bá ní láti fi páìpù àwọn tó kù sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.