REU ni, àbí ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka yín?

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ físíìsì tàbí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà kì í yé bi mí ní ìbéèrè yìí bí ọlidé gígùn bá ti ń sún mọ́lé: ṣé kí àwọn lọ ṣe REU (Research Experiences for Undergraduates), ètò tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti ṣe ìwádìí nígbà ọlidé, sábà ní yunifásítì míì, àbí kí àwọn bá ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka àwọn ṣe ìwádìí?

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló ṣáájú. National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ló ń gbé owó REU sílẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìn káàdì ló sì wà fún. Ẹni tó fi físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, wọlé láti Ìbàdàn ò lè jẹ nínú rẹ̀. Àmọ́ ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọgbà, tí kò bá ti kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì.

Ní ti owó, REU ló sàn: wọ́n á fún ọ lówó ìná, wọ́n sì sábà máa ń wá ibi tí wàá sùn. Lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tìrẹ, o lè máà rí ju máàkì lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí REU sábà máa ń gbà? Kóòdù Python (èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) tí ẹlòmíràn kọ láìṣàlàyé nìkan lè gba méjì nínú rẹ̀. Kó o tó mọ ìdí tí gíráàfù rẹ fi wọ́, wọ́n ti ní kó o wá gbé pósítà kọ́. Lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka tìrẹ, o lè fi ọdún méjì lé ìbéèrè kan ṣoṣo, ọ̀jọ̀gbọ́n á sì rí bó o ṣe ń ṣe nígbà tíṣẹ́ ò lọ. Lẹ́tà ìjẹ́rìísí tí irú ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ bá kọ fún ọ máa ń kún.

Bí ẹ̀ka yín ò bá ní yàrá ìwádìí, tí ìwé rẹ sì pé, gba REU lọ. Bó o bá ti rí ẹni tó ń fi sùúrù kọ́ ọ, dúró tì í.