Ṣọ́ọ̀bù tó tẹ orúkọ Osimhen sẹ́yìn jẹ́sì ọmọ mi

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ni mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù yìí, nítòsí pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásìngbà, Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì ni ọmọ mi ọkùnrin máa pé ọmọ ọdún méjìlá. Láti ìgbà Àjíǹde ló ti ń bẹ̀ mí, nǹkan kan náà ló sì ń tọrọ: jẹ́sì Super Eagles, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ OSIMHEN àti 9 sí lẹ́yìn. Mo ti gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èébú Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù náà, kún ẹnu gbogbo ìlú. Nínú máíkírà tí mo wọ̀ láti Sángo, dẹ́rẹ́bà ń bú u, ọkùnrin tó jókòó níwájú ń gbè é. Wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ aṣọ Nàìjíríà mọ́ láyé. Owó jẹ́sì wà nínú báàgì mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kí n kúkú lọ ra bàtà fún ọmọ náà.

Fún ẹni tí kò bá rántí: Finidi George ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kóòṣì Super Eagles ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún náà ni. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà, a bá South Africa gbá ọ̀mì 1-1 ní Uyo. Lọ́jọ́ 10, Benin fi 2-1 nà wá ní Abidjan. Ife Àgbáyé la ń wá ọ̀nà àtilọ. Osimhen fara pa, kò sí nínú méjèèjì. Ni ìròyìn bá jáde pé Finidi sọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé ọmọ náà ni kò fẹ́ wá. Osimhen bọ́ sórí Instagram, ó pariwo, ó ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun, ó ní ọ̀wọ̀ tí òun ní fún Finidi ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn náà ni Finidi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Finidi wà lára àwọn tó gba ife Áfíríkà fún wa ní 1994, ó sì gba ife Yúróòpù pẹ̀lú Ajax ní 1995. A kì í na ìka sójú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá tiẹ̀ ṣẹ̀ ọ́, àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo máa lọ fẹjọ́ sùn. Síbẹ̀ mo mọ ibi tí ìbínú náà ti wá. Olúsosùn l'Ékòó ni Osimhen dàgbà sí, ó kiri piọ́ wọ́tà láàárín ọkọ̀ nínú gó-sìló. Góòlù 26 ló gbá wọlé lọ́dún tí Napoli gba líìgì Ítálì, 2023. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ojú TikTok Napoli fúnra wọn ni wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pẹ́nárítì kan tó sọnù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí lájò, tó tún wá gbọ́ nílé pé ẹsẹ̀ tó ń dun òun, àwáwí lásán ni? Mo bá a wí lọ́kàn mi, mo sì káàánú rẹ̀ lọ́kàn mi.

Kì í ṣe èébú àwọn ará ọkọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti ra irú jẹ́sì yìí rí, ojú mi sì rí i. Oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ni, ní ibòmíràn tí mi ò ní dárúkọ, mo ra ENYEAMA 1 fún àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà ẹ rántí Vincent Enyeama, aṣọ́lé Super Eagles. Ọjọ́ tí Argentina nà wá 1-0 ní Johannesburg ní 2010, òun, aṣọ́lé ẹgbẹ́ tó pàdánù, ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá jù lọ, nítorí bó ṣe ń lé bọ́ọ̀lù Messi dànù. Ó gba ife Áfíríkà fún wa ní 2013. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2015, kóòṣì Sunday Oliseh gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún Ahmed Musa. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà ní ibùdó ikọ̀ ní Belgium, Enyeama sì kéde lórí Instagram pé òun ti ṣíwọ́ pátápátá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 101 ló ti gbá fún Nàìjíríà. Ọmọ ọdún 33 ni, aṣọ́lé ọmọ ọdún 33 kò sì tíì darúgbó. Nígbà tí Gernot Rohr di kóòṣì ní 2016, ariwo tún ta pé yóò padà. A retí títí. Nígbà tí a fi máa dé Russia ní 2018, Francis Uzoho, ọmọ ọdún 19, ló dúró sẹ́nu ilé.

Jẹ́sì àbúrò mi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré la fọ̀ ọ́ tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo gbé e padà lọ ní oṣù Kọkànlá. Ẹni tó tà á fún mi yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní, "Mọ́mì, ẹni tó ti lọ nìyí. Kí lẹ fẹ́ tún orúkọ rẹ̀ ṣe fún?" Kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó mi lọ.

Mo sì máa ń rò ó pé Oliseh pàápàá mọ bó ṣe ń rí. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù tó já àwọ̀n Spain ní Nantes níbi Ife Àgbáyé 1998. Òun ni balógun níbi ife Áfíríkà ní Mali ní 2002. Nígbà tí Baba Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kó ikọ̀ lọ sí Ife Àgbáyé ní Japan àti Korea lọ́dún náà, wọn ò mú un lọ. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nígbà náà ni pé torí òun ló ṣáájú àwọn tó béèrè owó wọn ni. Finidi náà ò bá wọn lọ. Ọkùnrin méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ sílé lọ́dún kan náà, àwọn méjèèjì ló padà di kóòṣì tí aáwọ̀ pẹ̀lú àgbà agbábọ́ọ̀lù gbé dé ojú ayé. Mi ò fi èyí bú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó kàn máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń lọ aṣọ ọmọ mi.

Ó yá, ṣọ́ọ̀bù. Kò tóbi. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti wọlé, ẹnì kẹrin á dúró síta nínú oòrùn. Wọ́n fi jẹ́sì kọ́ láti òkè àjà dé ilẹ̀: Arsenal, Chelsea, Shooting Stars tiwa, Super Eagles. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ni ín, kò tíì lè pé ogójì ọdún. Bọ̀dá Jẹ́sì ni mo ń pè é, Màámi ló ń pe èmi. Ó béèrè orúkọ tí a máa tẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn kí n tó dáhùn, torí àwọn méjì míì wà níbẹ̀. Mo ní, "Osimhen, mẹ́sàn-án." Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi. Lẹ́tà funfun àbí dúdú?"

Ó kọ orúkọ náà sórí bébà, ó ní kí n kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. (Ẹ máa ṣọ́ èyí níbi tí ẹ bá ti ń ṣe é, mo ti rí OSHIMEN lẹ́yìn ọmọ ẹlòmíràn.) Ẹ̀rọ kékeré kan gé lẹ́tà náà láti ara ọ̀rá dídán kan. Ó fi abẹ́rẹ́ ṣa àwọn èyí tí kò wúlò kúrò. Ó fi rúlà wọn ẹ̀yìn aṣọ náà, láti ọrùn wá sílẹ̀ àti láti apá ọ̀tún sí apá òsì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Lẹ́yìn náà ló gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná, ó fi bébà fẹ́lẹ́ bò ó. Ó ní bí iná bá pọ̀ jù, aṣọ á jó. Bí kò bá tó, lẹ́tà á ṣí láàárín oṣù kan. Ó dúró kó tutù, ó ṣí ìbòrí rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni àwọn ti 2015 kò ṣe fún mi.

A ò tíì parí nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Ó ti ra OSIMHEN ní oṣù Kejì, nígbà tí a dé àṣekágbá ní Ivory Coast, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun yọ orúkọ náà báyìí. Inú ń bí i gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bọ̀dá Jẹ́sì fa aṣọ kan jáde lábẹ́ tábìlì, jẹ́sì àlòkù tó ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀ rí. Ó gbé e sójú iná. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa ka orúkọ náà. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Ibi tí lẹ́tà ti bò kò ṣá, ìyókù ti ṣá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀sì mi, màá yọ ọ́ bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù Kẹsàn-án. Bí inú bá ṣì ń bí yín, ẹ gbé e wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀." Ọmọkùnrin náà pòṣé, ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ohun tó mú mi kọ èyí gan-an nìyẹn. Owó ló yí padà yẹn. Ì bá yọ ọ́, kó gba owó, kó tún tẹ orúkọ mìíràn, kó gba owó lẹ́ẹ̀kejì. A máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo rí níbi gbogbo tí mo yíjú sí, àfi inú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Osimhen yẹ fún ìbáwí. Kóòṣì lè fi í sílẹ̀ sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ẹgbẹ́ lè bu owó ìtanràn fún un. Ṣùgbọ́n kí a ní títí ayé, torí pé ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú? Títí ayé ni a ṣe fún Enyeama, ẹ wo ọdún mélòó tí a fi ń wá aṣọ́lé kiri.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2024, Benin yẹn kan náà wá sí Uyo. A nà wọ́n 3-0. Ademola Lookman gbá méjì wọlé, Osimhen gbá ọ̀kan. Ọmọ mi sáré jáde pẹ̀lú jẹ́sì rẹ̀, ó yí gbogbo àdúgbò po, mi ò sì pè é padà. Napoli ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn lákòókò náà, ló bá lọ sí Galatasaray ní Turkey, ó wọ nọ́ńbà 45, ó sì gbá góòlù 37 wọlé lápapọ̀ ní sáà yẹn, wọ́n gba líìgì, wọ́n gba ife. Bọ̀dá Jẹ́sì sọ fún mi pé ọmọkùnrin ọjọ́sí ò padà wá yọ nǹkan kan.

Owó tí mo san: 9,500 náírà fún jẹ́sì, 2,500 fún orúkọ àti nọ́ńbà. Kì í ṣe ojúlówó Nike, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún mi kí n tó béèrè. A ti fọ̀ ọ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan, omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, a yí i padà kí a tó lọ̀ ọ́. Lẹ́tà S nìkan ló gbé etí sókè nínú oṣù kẹjọ. Mo gbé e lọ, ó tẹ̀ ẹ́ padà, kò gba owó.

Àléébù ibẹ̀ wà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń wọlé bí kò bá sí iná, ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ dúró pẹ́. Bí ó bá ní wákàtí kan, ẹ mú un bíi méjì. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí jẹ́sì Super Falcons kankan tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ọmọbìnrin mi mu. Àwọn obìnrin yẹn náà ti sọ tẹnu wọn: ní France ní 2019, lẹ́yìn tí Jámánì nà wọ́n 3-0, wọ́n jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ò lọ títí owó àwọn á fi pé. Desire Oparanozie ni balógun wọn, ipò náà kò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní kí Bọ̀dá Jẹ́sì bá mi wá jẹ́sì náà, lẹ́tà mẹ́wàá ni orúkọ Oparanozie, màá san án. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ gba jẹ́sì Enyeama lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ti ká a sísàlẹ̀ àpótí láti ìgbà yẹn wá, E àti A méjì ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì Bọ̀dá Jẹ́sì, mo ń retí pé yóò béèrè ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ní 2015. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, "Vincent! Màámi, níbo lẹ ti rí èyí?" Ó ṣa àwọn lẹ́tà tó kù kúrò díẹ̀díẹ̀, ó gbé aṣọ náà sójú iná, ó gé lẹ́tà tuntun. Mo rí i tó na ọwọ́ sí rúlà, tó tún gbé e padà. Ojú àpá àtijọ́ ló tò wọ́n sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.