Àsọyé ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo lọ gbọ́ ní Mọ́kọ́lá

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, ọ̀fẹ́ náà ló sì jẹ́. Aago 10 ni wọ́n dá fún wa. 11 ti kọjá dáadáa kí dókítà tó gba máíìkì. Ẹ̀yìn fèrèsé gan-an ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí.

Àmọ́ dókítà obìnrin yẹn mọṣẹ́. Ó pe ìyá kan síwájú, ó wọn ìfúnpá wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀: 148/92. Ó ní kí màmá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, kí wọ́n gbé apá lé tábìlì. Ó tún un wọ̀n: 134/84. Gbogbo wa pariwo. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń wọn tèmi lórí ìdúró ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì àdúgbò wa!

Ó bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ó ní kí ti òòjọ́ má tiẹ̀ tó yẹn, gíráàmù 5, tòun ti èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti magí. Mo wo ìyàwó mi. Ó gbójú sókè.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n gbà. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ béèrè nípa oògùn tó ń mú kí ẹsẹ̀ mi wú. Tí wọ́n bá tún ṣe é, iwájú ni màá jókòó sí.