Òtẹ́ẹ̀lì tí màmá mi kọ̀ tí wọn ò dìde ní Peñíscola

Ọ̀rọ̀ owó ló bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti London ni mo ti san gbogbo owó yàrá oṣù méjì ṣáájú. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni ní Peñíscola, ìlú etí òkun kan ní Spain, lórí àpáta tí ìlú àtijọ́ wà, tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká. Wọ́n ní ẹnì kan máa pàdé wa nísàlẹ̀ láti bá wa gbẹ́rù. A ò rí ẹnì kankan. Àpótí méjì ni mo wọ́ gun òkè olókùúta yẹn, tí màmá mi, ẹni ọdún 74, ń tẹ̀ lé mi, tí wọ́n ń pe Jésù ní gbogbo ìkòríta.

Bí a ṣe débẹ̀, ọmọkùnrin tó ń gba àlejò wo kọ̀ǹpútà, ó ní a ò tíì sanwó. Mo fi rìsíìtì hàn án. Ó ní àwọn tó gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí àwọn, kí n san òmíràn ná. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ìgbà kẹta, wọ́n ní ọ̀gá ń jẹun. Oúnjẹ wákàtí kan àtààbọ̀!

Ni màmá mi bá jókòó lé àpótí láàárín gbọ̀ngàn. "Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n ibí ni mo máa sùn." Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, mi ò sì túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Papa Luna!" Mo rò pé èébú ni, ohùn mi bá ga. Ó kàn nawọ́ sí ilé olódi tó wà lókè.

Aago márùn-ún kọjá kí ọ̀gá tó pè pé àwọn ti rówó wa. Kò sẹ́ni tó ní ẹ má bínú.

Yàrá mọ́, omi gbóná dáadáa. Òkun tí wọ́n ṣèlérí, àfi kéèyàn yọrí lójú fèrèsé balùwẹ̀ kó tó rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì la gun ilé olódi náà. Àwọn jagunjagun Templar, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọ Kátólíìkì láyé àtijọ́, ló kọ́ ọ láàárín 1294 sí 1307, wọn ò gbádùn rẹ̀ pẹ́ tí wọ́n fi tú ẹgbẹ́ wọn ká ní 1312. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ Papa Luna. Pedro de Luna ni, tí wọ́n fi jẹ póòpù ní 1394 ní Avignon, tó wà ní France lónìí, tó sì jẹ́ Benedict Kẹtàlá. Ó dé ìgbà kan tí èèyàn mẹ́ta ń pe ara wọn ní póòpù lẹ́ẹ̀kan náà (ọ̀rọ̀ oyè, ibo ni kì í ti í dìjà?). Ó kó wá sí Peñíscola ní 1411. Àpérò Constance, ìpàdé ńlá àwọn olórí ìjọ Kátólíìkì, yọ ọ́ lóyè ní 1417, ó ní irọ́ ni, òun ṣì ni póòpù.

Mo ń kà á fún màmá mi. Wọ́n béèrè pé, "Ṣé wọ́n rí i lé jáde?"

"Rárá o, mà. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1423, ó ti lé ní 90 ọdún."

"Ó káre."

Ẹ̀rín pa mí débi pé ìbínú mi dà nù. A tún rí ilé tí wọ́n fi ìkarahun òkun bo ara rẹ̀, àti El Bufador, ihò inú àpáta tí ìgbì máa ń gbà tú jáde bí òkun bá ń ru. Lọ́jọ́ tiwa, òkun sùn fọnfọn, a kàn dúró wo ihò.

Ẹ ṣọ́ra o: ibùdó ọkọ̀ ojúurin tí wọ́n ń pè ní Benicarló-Peñíscola jìnnà sí ìlú yìí, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí méjèèjì dé ìsàlẹ̀. Màmá mi gbàdúrà fún un, ó ń ṣe "àmín" láì mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Màmá mi ló ní kí n fi bẹ́ẹ̀ sí i, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi tẹ̀ ẹ́. Èmi ì bá fún wọn ní 2.