Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún eré ojú títì: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tẹ́ ẹ ó máa fi sáré lójú títì, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ ó máa fẹsẹ̀ wa tí ẹ́ńjìnì kékeré á sì máa ràn yín lọ́wọ́, ẹ má tíì béèrè bí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣe lágbára tó o, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kílò mélòó ni. Ẹni tó ń tà á máa fẹ́ ka agbára ẹ̀ fún yín, ẹ gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ padà sórí kílò yẹn.

Ìdí ẹ̀ nìyí. Òfin ló ń dá ẹ́ńjìnì yẹn dúró, kì í ṣe pé agbára ẹ̀ tán. Ní Yúróòpù, tẹ́ ẹ bá ti ń sá kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan, kò gbọdọ̀ ràn yín lọ́wọ́ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pín in sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, Class 1 ń dúró ní 32, Class 3 ní 45. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le díẹ̀, 25 yẹn kì í ṣe nǹkan kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, á ti kọjá ẹ̀ kó tó mọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnì ti máa fi í sílẹ̀, á wá ku òun àti ẹsẹ̀ ẹ̀ àti gbogbo ẹrù tó wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, kílò 23 ni. Tí mo bá wà nísàlẹ̀ 25 báyìí ó ń gbé mi lọ wẹ́rẹ́, inú mi ń dùn, àmọ́ tó bá ti kan 25 pẹ́nrẹ́n, àfi bíi pé ẹnì kan di ìjókòó mi mú látẹ̀yìn. Mo wá ń gùn ún ní 24 lójoojúmọ́ torí kò wù mí kí n bá a jà. Lọ́jọ́ kan ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbìyànjú tiẹ̀ wò, kílò 12 péré, mo gbéra, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnì fi mí sílẹ̀, ìgbà tí mo wo ojú iná kékeré tó wà níwájú mi ni mo rí i pé 29 ni mo wà, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo ta tèmi lóṣù yẹn.

Ṣùgbọ́n kílò nìkan kọ́ o. Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí eré kan náà nílẹ̀ tó tẹ́jú, atẹ́gùn lẹ̀ ń bá jà. Ká ní wọ́ọ̀tì 100 lẹ fi ń la atẹ́gùn kọjá ní 25, tẹ́ ẹ bá fi máa dé 30 ó ti di bíi 173. Torí náà kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ àmọ́ tó jẹ́ pé ńṣe lẹ máa nàró lórí ẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga, kò ní yá bẹ́ẹ̀ yẹn náà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ sísàlẹ̀ àti táyà tó ń dán, tó fẹ̀ tó bíi 28 sí 32 mílímítà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ibi tí kílò ti ń fìyà jẹ èèyàn ni ìgbà tó bá ń gbéra, ìgbà tó bá ń gun òkè, àti ìgbà tó bá fẹ́ gbé e gun àtẹ̀gùn. Ẹ sì wádìí bóyá ẹ́ńjìnì ẹ̀ máa ń jára ẹ̀ gbà tó bá kú tán, torí àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń fa ẹsẹ̀ èèyàn sẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnì inú wíìlì ẹ̀yìn àti èyí tó wà nídìí pẹ́dàlì

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nìyí. Tinú wíìlì, X35 tí ilé iṣẹ́ Mahle ń ṣe lẹ máa rí lára kẹ̀kẹ́ púpọ̀. Ẹ́ńjìnì, bátìrì àti wáyà ẹ̀ lápapọ̀ bíi kílò 3.5, agbára ẹ̀ 40 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn bí agbára tó fi ń yí nǹkan ṣe pọ̀ tó), bátìrì ẹ̀ 250 Wh (Wh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà) fara pa mọ́ sínú férémù. X20 tó tẹ̀lé e tún fúyẹ́ jù ú lọ, bíi kílò 3.2. Téèyàn bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán kò ní mọ̀ pé oníbátìrì ni, kẹ̀kẹ́ tó sì ní i lára lè má ju kílò 11 tàbí 12 lọ. Ibi tó ti ń ṣòro fún un ni òkè tó ga tó sì gùn, torí kì í lo gíà yín, bí wíìlì bá ṣe ń yí lòun náà ṣe ń yí, tẹ́ ẹ bá wá ń wọ́ lọ ní 8 tàbí 9 lórí òkè, òun náà á máa wọ́, á máa gbóná, agbára ẹ̀ á máa dín kù lásìkò tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù.

Èyí tó wà nídìí pẹ́dàlì, gíà yín ló ń lò, bẹ́ ẹ bá já gíà sílẹ̀ lórí òkè òun náà gba ìsinmi, á máa yí bó ṣe fẹ́. HPR50 ti ilé iṣẹ́ TQ wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ẹ̀ kílò 1.85, 50 Nm, bátìrì 360 Wh, ilé iṣẹ́ Trek lò ó lára kẹ̀kẹ́ wọn tó ń jẹ́ Domane+ SLR, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ẹ́ńjìnì Fazua Ride 60 jẹ́ 60 Nm pẹ̀lú bátìrì 430 Wh. Creo, kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ Specialized tó jáde ní 2019, jẹ́ 35 Nm, Creo 2 tó jáde ní 2023 gbé e dé 50, bátìrì 320 Wh ni. Ẹ kàn mọ̀ pé irú ẹ́ńjìnì yìí máa ń tètè jẹ ṣéènì torí inú ṣéènì yẹn náà ni agbára ẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ ó máa pààrọ̀ ẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ.

Táyà tó bá jò tún wà níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá wà nínú wíìlì ẹ̀yìn, bíi ti X35, ẹ gbọ́dọ̀ yọ wáyà kẹ́ ẹ tó lè yọ wíìlì, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó máa tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ lọ́wọ́. Mo yá ọ̀kan lò nígbà kan, táyà ẹ̀yìn jò, òjò ń rọ̀, mo ní pọ́ǹpù, mo ní túùbù tuntun, gbogbo ẹ̀ ló pé àfi irinṣẹ́ kékeré kan péré, mo fẹsẹ̀ rìn délé, ọwọ́ mi méjèèjì dúdú fún ọ̀rá ṣéènì. Ẹni tó bá ń ra èyí, kó di irinṣẹ́ yẹn mọ́ abẹ́ ìjókòó kó tó gbé kẹ̀kẹ́ kúrò níbi tó ti rà á.

Bátìrì ńlá àbí kékeré

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù bátìrì 250 Wh, wọ́n ní ó kéré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ kílò 90, láti gun òkè tó fi 1,000 mítà ga, bíi 245 Wh ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìdajì, tí ẹ́ńjìnì ṣe ìdajì, kódà tẹ́ ẹ bá yọ ohun tó máa ṣòfò sínú ooru, ó ṣì máa ṣẹ́ kù. Nílẹ̀ tó tẹ́jú ńkọ́, tẹ́ ẹ bá ti wà lókè 25, kò lo nǹkan kan rárá, bátìrì kàn ń sùn ni. Ẹni tó bá ń jìnnà gan-an lè ra èyí tó dà bí ìgò omi tí wọ́n ń fi kún un, ti Specialized jẹ́ 160 Wh, ọjọ́ tí ò bá nílò ẹ̀ á fi í sílé. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kéèyàn máa gbé bátìrì ńlá kiri lójoojúmọ́.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé nílé tí iná ò sí nítòsí ibi tẹ́ ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ẹ yẹra fún bátìrì tí kò ṣeé yọ, ẹ máa kábàámọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun á gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tòun ti bátìrì wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò ṣeé ṣe o, bátìrì tó bá ti ju 160 Wh lọ wọn kì í jẹ́ kí èrò gbé e wọlé.

Ti sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ fún ẹ́ńjìnì ìgbà tó yẹ kó ràn yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀: èyí tó ń wọn bẹ́ ẹ ṣe tẹ pẹ́dàlì tó ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó kàn ń wò ó bóyá pẹ́dàlì ń yí máa ń ta èèyàn síwájú lójijì.

Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú àti òkè kéékèèké lẹ̀ ń gùn, tẹ́ ẹ sì ń sá ju 25 lọ, tinú wíìlì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó ju kílò 13 lọ. Tó bá jẹ́ pé òkè gíga ló yí yín ká, tàbí orúnkún ń dùn yín, ẹ lọ sídìí pẹ́dàlì, 50 Nm sókè, kílò méjì mẹ́ta tó lé yẹn tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Férémù kábọ́ọ̀nù dáa torí ó fúyẹ́, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lórí kílò tó kẹ́yìn yẹn, mi ò rò pé ó tọ́, ẹ fi ra wíìlì àti táyà tó dáa.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè lọ́wọ́ kan. Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹ́ńjìnì ẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ gùn ún lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òkè kékeré kan wà nínú ẹ̀. Tó bá ti sú yín kẹ́ ẹ tó padà dé, ẹ dá a padà fún wọn.