Ìwé AKC fún ọmọ ajá ojúlówó: ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ibi tó ti ń há

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ètò ìforúkọsílẹ̀ ajá ti American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ajá ojúlówó sínú ìwé ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo wa mọ̀ sí AKC. Ètò náà lọ tààrà bí fọ́ọ̀mù tó pé bá ti wà lọ́wọ́ ẹni. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ẹni tó sin ajá bá kọ tó sì fọwọ́ sí nìkan ni AKC ń kọ sínú ìwé wọn. Bí onítọ̀hún bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, owó ti kúrò lápò yín, ajá ti ń sùn nínú ilé yín, ìwé ò sì sí. Ọjọ́ tí owó àti ajá ń pààrọ̀ ọwọ́ gan-an ni ìwé ti ń bọ́ síni lọ́wọ́ tàbí bọ́ sọnù, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

AKC ti wà láti ọdún 1884. New York ni olú iléeṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n Raleigh ní North Carolina ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìwé. German Shepherd, tí wọ́n ń pè ní Alsatian nílé, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Houston, Atlanta àti Maryland ń rà. Ìlànà kan náà ló kan Rottweiler àti Labrador.

Kí ẹ tó fojú kan ọmọ ajá rárá ni iṣẹ́ ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ìyá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ ìbí sílẹ̀. Ìbí ni mo ń pe gbogbo ọmọ tí abo ajá bí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé AKC, ẹni tó ni bàbá sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ajá òun ló gun ìyá yẹn lóòótọ́. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí pẹ̀lú. Bí ìyá kò bá tíì pé oṣù 8 nígbà tí wọ́n gùn ún, tàbí tí bàbá kò tíì pé oṣù 7, tàbí tí èyíkéyìí nínú wọn ti lé ní ọdún 12, ìbí náà kì í wọlé àfi bí ẹ̀rí pàtàkì bá wà. Akọ tó bá ti bí ìbí 7 láyé rẹ̀, tàbí tó bá bí ju ìbí 3 lọ láàárín January sí December ọdún kan, gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò DNA lọ́dọ̀ AKC. Ó yẹ kí ìbí ti wọ ìwé kí àwọn ọmọ tó pé oṣù 6. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ìtanràn ń gorí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, AKC á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ẹni tó sin ajá, fọ́ọ̀mù kan fún ọmọ kan. Fọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ̀tọ́ yín, òun lẹ ó sì fi sọ ajá di tiyín nínú ìwé.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ẹ kà á kí ẹ tó ka owó. AKC fúnra wọn ló tẹ apá kan rẹ̀: ẹ̀yà ajá, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìbí, orúkọ àti nọ́ńbà ìyá àti bàbá, orúkọ ẹni tó sin ín. Bí wọ́n bá fi bírò kọ ibẹ̀ tàbí tí wọ́n yí nǹkan kan padà níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Apá kejì ni ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ kọ: akọ ni tàbí abo, àwọ̀ àti àmì ara, irú ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tí ajá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì yín, lẹ́yìn náà ìfọwọ́sí. Ibi ìfọwọ́sí yìí ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Bí èèyàn méjì bá ni ìbí náà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyàwó ta ajá fún yín, ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí fọ́ọ̀mù: ìfọwọ́sí kan kò tó. Ẹ má gbà kí wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́. Ẹ dúró dè é, tàbí kí ẹ padà wá lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá wà. Kí wọ́n má sì gé ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n wá kọ òmíràn lé e lórí, torí AKC lè dá irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ padà. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àpótí irú ìforúkọsílẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ fojú sí jù. Oríṣi ìforúkọsílẹ̀ méjì ló wà, Full àti Limited, ẹni tó ni ìbí ló sì ń yan èyí tó bá fẹ́, kì í ṣe ẹni tó ra ajá. Ajá Limited wà nínú ìwé AKC dáadáa. Ó lè wọ ìdíje ìgbọ́ràn, ìdíje fífò lórí ìdènà, àti wíwá òórùn kiri. Ṣùgbọ́n kò lè wọ ìdíje ẹwà, ọmọ tó bá sì bí kò lè wọ ìwé AKC láéláé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ Limited. Ẹni tó bá ń wá ajá tí yóò máa bá àwọn ọmọ ilé ṣeré kò pàdánù ohunkóhun. Inú mi ń dùn sí olùsìn ajá tó ń ta ọmọ lábẹ́ Limited, torí ó ń dáàbò bo ìran ajá rẹ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó Full lọ́wọ́ yín kí wọ́n sì fàmì sí Limited. Nígbà tí sàtífíkéètì bá dé, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú kan: ti Full ní etí aláwọ̀ àlùkò, ti Limited ní etí aláwọ̀ ọsàn. Ẹni tó ni ìbí nìkan ló lè yí Limited padà sí Full lẹ́yìn náà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ AKC tó lè rọ́pò ìfọwọ́sí rẹ̀.

Nọ́ńbà ajá náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́tà méjì ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí ọ̀wọ́ tí ẹ̀yà náà wà: DN fún àwọn ajá darandaran bíi German Shepherd, WS fún àwọn ajá oníṣẹ́ bíi Rottweiler, SR fún àwọn bíi Labrador. Nọ́ńbà mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbí, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀: 01, 02, 03, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà gbọ́dọ̀ bára mu nínú mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá mọ ẹlòmíràn tó ra ajá nínú ìbí kan náà, ẹ jọ wo nọ́ńbà yín. Bí wọn kò bá bára mu, ẹnì kan nínú yín ń di ìwé ajá mìíràn lọ́wọ́.

Bí fọ́ọ̀mù bá ti pé, ìyókù kò le rárá. Ẹ lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósíọ́fíìsì, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì yá jù: nọ́ńbà ìbí àti PIN tó wà lórí fọ́ọ̀mù lẹ ó tẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó kọ orúkọ tí ẹ fún ajá, ẹ ó san owó, ó parí. Wọ́n á máa fi àkójọ olówó ńlá lọ̀ yín, pẹ̀lú ìwé ìran àti oríṣiríṣi nǹkan. Èyí tó rẹlẹ̀ jù tó fún gbígba sàtífíkéètì, ìwé ìran sì ṣeé rà nígbàkúùgbà. Ẹ má fi í sílẹ̀ títí oṣù 12 á fi kọjá lẹ́yìn tí ìbí wọ ìwé, torí owó ń lé sí i.

Ní ti orúkọ, lẹ́tà 50 ló pọ̀ jù, wọ́n sì ń ka àyè òfìfo mọ́ ọn. Bó bá ti kọjá 36, àfikún owó wà. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n ń fi tẹ gbogbo rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ń wọlé dáadáa, àmọ́ ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ bíi Champion, Sieger, Sire tàbí Dam, wọn kì í sì í gba orúkọ ẹ̀yà ajá nìkan. Àwọn tó ń sin ajá sábà máa ń fẹ́ kí orúkọ ilé wọn ṣáájú. Bó bá wà nínú àdéhùn yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì rántí ka lẹ́tà rẹ̀ mọ́ 50 yẹn.

Bí wọ́n bá wá sọ pé “ìwé ń bọ̀” ńkọ́? Ìdí tó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì san owó ìgùn fún ẹni tó ni bàbá, onítọ̀hún sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ó lè jẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ jẹ́ Limited, ìyẹn ni pé ìwé kankan kò ní bọ̀ láé. Ó lè jẹ́ DNA bàbá ni wọn kò ṣe. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó sin ín ló dì í mú títí ẹ ó fi yọ ilé ọmọ ajá náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó bá ṣáà wà nínú ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ẹni tó bá ní owó ajá lọ́tọ̀, owó ìwé lọ́tọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ìwé wà lára ohun tí ẹ rà. Ẹ tún fojú sílẹ̀ fún àwọn tó ń sọ pé ajá àwọn “ní ìwé” láìsọ ìwé ta ni. Ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀wé ajá pọ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà mẹ́ta tó jọra pọ̀ lára orúkọ wọn, ìwé òmíràn kò sì ní mú ajá yín wọ AKC.

Bí ẹ bá pinnu láti gbé ajá láìsí fọ́ọ̀mù, ẹ má gbé e láìsí rìsíìtì tó pé. Àwọn nǹkan yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ẹ̀yà, akọ tàbí abo, àwọ̀, ọjọ́ ìbí, orúkọ àti nọ́ńbà AKC ti ìyá àti ti bàbá, orúkọ ẹni tó sin ín, Full tàbí Limited, iye owó, àti ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ dé. Ẹ fi nọ́ńbà microchip, ìyẹn ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀, kún un, nọ́ńbà 15 ló sábà máa ń jẹ́. Èmi á tún di apá kan owó mú títí di ọjọ́ ìwé, kí wọ́n sì kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Rìsíìtì yìí, ẹ̀rí owó tí ẹ san, ìpolówó tí wọ́n fi ta ajá náà àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín ni ẹ ó kó fún AKC bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn. Wọ́n lè kọ̀wé sí ẹni náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba owó yín padà; ilé ẹjọ́ kékeré ló wà fún ìyẹn.

Òfin ìpínlẹ̀ kan lágbára ju òmíràn lọ. Ní Pennsylvania, bí ẹni tó tà á bá ṣèlérí ìwé tí kò sì kó o jáde láàárín ọjọ́ 120, ẹni tó rà á lè dá ajá padà gba gbogbo owó, tàbí kó tọ́jú ajá kó sì gba ìdajì. Ní Kánádà, òfin ìjọba àpapọ̀ ló ní kí ẹni tó ta ajá ní ojúlówó pèsè ìwé rẹ̀ láàárín oṣù 6. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ètò yàtọ̀: ẹni tó sin ajá ló ń fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Royal Kennel Club, ẹgbẹ́ ajá tiwọn níbẹ̀, tiyín ni láti yí orúkọ olówó ajá padà.

Bí ajá náà bá ti dàgbà díẹ̀ tí sàtífíkéètì rẹ̀ sì ti wà lórúkọ ẹni tó ń tà á, ẹ má wá fọ́ọ̀mù ìbí mọ́. Ẹ̀yìn sàtífíkéètì ni wọ́n á ti fọwọ́ sí i pé ó ti di tiyín.

Sàtífíkéètì kò sọ pé ara ajá dá. Ìran rẹ̀ ló ń sọ, AKC fúnra wọn kò sì ṣe onídùúró ìlera. Fún German Shepherd, ẹ béèrè àyẹ̀wò eegun ìbàdí àti ìgúnpá ìyá àti bàbá lọ́dọ̀ OFA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò eegun ajá tó sì ń tọ́jú èsì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èsì ìkẹyìn kì í jáde kí ajá tó pé oṣù 24, nítorí náà ẹni tó ní òun ní èsì ìkẹyìn fún ajá oṣù 14 kò sọ òtítọ́. Ẹ lè fi nọ́ńbà AKC ìyá wo èsì rẹ̀ fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bákan náà, ẹni tó fẹ́ gbé ajá lọ Nàìjíríà, ìwé AKC kò lè rọ́pò ìwé àṣẹ ìkówọlé, ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ìwé dókítà ẹranko.

Àwọn tí ìwé ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ pátápátá, ọ̀nà kan ṣì kù: PAL (Purebred Alternative Listing), ìyẹn àkọsílẹ̀ AKC fún ajá ojúlówó tí kò ní ìwé. Bí ajá náà bá jọ ẹ̀yà rẹ̀ lóòótọ́, ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ó fi ẹ̀rí dókítà hàn pé wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ tàbí tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, AKC á sì fún un ní nọ́ńbà tó lè fi wọ ìdíje ìgbọ́ràn àti eré. Ọmọ kò sí níbẹ̀, ìdíje ẹwà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò ìfọwọ́sí ẹni tó tà á fún yín.