Mítà onítókìnnì tí wọ́n gbé wá sí ojúlé wa ní Alẹ́kúwodò: bó ṣe rí lẹ́yìn ọdún méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹja fírísà ni mò ń tà ní Alẹ́kúwodò níbí, l'Óṣogbo, Titus, kòtè, pánlá, fírísà méjì ni mo ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lọ́dọ̀ mi rárá, tí iná bá fi lè lọ fún ọjọ́ méjì owó mi ló ń yọ́ dà sílẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti ń bá mi sọ̀rọ̀ smart city báyìí, mítà ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í léèrè, torí ibẹ̀ lèmi ti mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìlú tí ẹ̀rọ ń báni ṣírò nǹkan. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti gbé tiwa wá, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Kó tó dé, kréésì bíìlì la ń san, owó iná tí wọ́n kàn ń fojú bù fúnni. Oṣù tí màámi kú, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo yọ fírísà méjèèjì lára iná, mo lọ sílé wa, ìgbà tí mo máa dé, bíìlì tí wọ́n fi há ẹnu ilẹ̀kùn ò fi kọ́bọ̀ kan dín sí ti oṣù tó ṣáájú. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Mítà ti lé ìyẹn lọ. Òun gan-an wà lórí òpó níta, kípáàdì kékeré ló wà lára ògiri mi, mo sì ń wo yúnìtì tó kù bí ẹni ń wo omi inú àmù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé fírísà àtijọ́ yẹn ń jẹ iná ju ìkejì lọ fíìfíì, mo bá gbé ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀, rọ́bà ti ya, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo pààrọ̀ rọ́bà, yúnìtì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún mi láyé kréésì bíìlì? Aago mọ́kànlá òru mo lè fi fóònù ra tókìnnì, ìyẹn nọ́ńbà tí à ń tẹ̀ sí mítà kí yúnìtì tó wọlé, n ò ní tò síwájú ẹnì kankan.

Owó iná fúnra ẹ̀ ò rọrùn o. April 2024 ni wọ́n gbé ti Band A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, láti bíi 68 náírà sí 225 náírà fún yúnìtì kan. Mítà kọ́ ló fà á, ẹ má bá a jà.

Ibi tó ti dùn mí ni November 2024. Tókìnnì tí à ń tẹ̀ yìí ní àmì àkókò nínú, láti 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú ẹ̀, ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkà yẹn sì kún ní 24 November 2024, kárí ayé ni o, kì í ṣe tiwa nìkan. Mítà tí wọn ò bá fi kóòdù tún kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀ ṣe ṣáájú ọjọ́ náà ò ní gba tókìnnì tuntun. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ọjọ́ yẹn ń bọ̀, àmọ́ èmi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Yúnìtì mi tán lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ra ti 5,000 náírà, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ nọ́ńbà 20 tó wà nínú tókìnnì náà, ó kọ Reject, mo tún un tẹ̀, Reject. Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ́fíìsì àwọn oníná lọ, èrò ti kún dé títì, ọmọkùnrin kan lójú fèrèsé ní "Mọ́mì, nẹ́tíwọ̀kì ò sí, ẹ máa bọ̀ lọ́la." Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó kọ kóòdù méjì fún mi, nọ́ńbà 20 níkọ̀ọ̀kan, tí mo máa kọ́kọ́ tẹ̀ kí n tó tẹ tókìnnì, nọ́ńbà 60 lápapọ̀. Lákòókò yẹn mo ti ta Titus ní ìdajì owó, èmi àti Ìyá Bọ̀dé ti yan ìyókù lẹ́yìnkùlé, omi ẹja kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tó wà nísàlẹ̀ ilé wa tí ojú wọn ò ríran dáadáa, ọmọ mi ló lọ bá wọn tẹ tiwọn.

Òṣogbo yìí náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, ẹ rò ó wò. Mo gbọ́ nípa Songdo, smart city kan ní Kòríà, níbi tí páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ń fa ìdọ̀tí láti ilé, mo fẹ́ irú ẹ̀ fún Òròkí tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹni tó máa jókòó sójú fèrèsé yẹn, tí agbára máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti tún nǹkan ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Mítà, mo fún un ní 8 nínú 10. Àwọn tó ń bójú tó o, 3. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní àtigba mítà, ẹ gbà á, ẹ má ṣe dúró. Ẹ ra tókìnnì yín kó tó di ìrọ̀lẹ́ Friday, torí tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ní wíkẹ́ńdì, ó di Monday kẹ́ ẹ tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹ sì máa kọ gbogbo kóòdù yín sínú ìwé, ẹ má fi sínú fóònù nìkan.